Ìlú Páálí Orí Tábìlì Wa

Àkànní, jọ̀ọ́, má tíì rẹ́rìn-ín. Lóru àná, mo lá àlá pé mo wà nínú ìlú páálí tó wà lórí tábìlì ọ́fíìsì wa, èyí tí a fi ń han àwọn àlejò bí àwa ayàwòrán-ilé yóò ṣe tún ìgbé ayé ìlú ṣe. O mọ̀ pé èmi ni mo máa ń fi gọ́ọ̀mù lẹ àwọn èèyàn kéékèèké mọ́ ọn. Lójú àlá, wọ́n ti lẹ èmi náà mọ́ ojú títì.

Mo kí obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, "Ẹ káàárọ̀ o, mà." Ó kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́ ni. Gbogbo wọn ló ń rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe rà wọ́n nìyẹn.

Ni Bàbá tó dá ilé-iṣẹ́ wa sílẹ̀, olóògbé tí fọ́tò rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, bá yọjú lókè bí òṣùpá.

"Ìwọ lo ya ibí yìí?"

"Èmi ni, sà."

"Níbo ni wọ́n ti ń jókòó tàkúrọ̀sọ?"

"Ẹ má bínú, sà. Bẹ́ǹṣì ò ní jẹ́ kó rẹwà nínú fọ́tò."

Ó ní mo káre. Ó fi dígí bò wá mọ́lẹ̀, ó ní òun ń lọ sọ̀rọ̀ lórí ìgbé ayé ìlú.

Mo bá jí. Mo ń gbọ́ rédíò aládùúgbò mi, ẹni tí n kò mọ orúkọ rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta. Mo rọra kan ògiri tó là wá láàárín láti kí i.

Ó pa rédíò náà.