Ìbejì Lẹ́yìn Ìyá-Apọnmọ

Ọdún mọ́kàndínlógún gbáko ni Bàbá Yésúfù fi wo oṣù fún gbogbo ìlú Banigbé. Òun ló ń sọ pé oṣù ààwẹ̀ ti lé, òun ló ń sọ pé ti Iléyá ti lé, kò sì sí àgbò tó gbọdọ̀ mọ ọjọ́ ikú ara rẹ̀ kí Yésúfù tó mọ̀ ọ́n. Àfi ìgbà tó di ọdún kejì tí Dahomey gba òmìnira, tí kálukú ń wá ohun tí òun náà yóò gbà, ni Ràmọ́nù dìde pé kí wọ́n gba oṣù lọ́wọ́ arúgbó.

Ọmọ Banigbé ni Ràmọ́nù, ṣùgbọ́n Igolo lẹ́nu ibodè ló jókòó sí tó ń pààrọ̀ owó fún àwọn tó ń sọdá sí Ìdí-Ìrókò. Ẹ wo ẹ̀sùn rẹ̀. Lálẹ́ Àbámẹ́ta, ìkùukùu bo ojú ọ̀run. Yésúfù ní òun rí oṣù Iléyá fìrí. Kò sí ẹlòmíràn tó rí i. Lálẹ́ Àìkú, ojú ọ̀run mọ́, tọmọdé tàgbà rí i. Ni Ràmọ́nù bá ní Àìkú ni oṣù lé, pé ojú Yésúfù ti kú, pé kí wọ́n dán an wò. Bó bá kùnà, kó kúrò nípò, kí gbogbo ayé sì mọ̀ ọ́n ní òpùrọ́ tó fẹ́ mú ìlú pa àgbò ṣáájú ọjọ́.

Òpùrọ́! Ẹni tó dàgbà ju bàbá tó bí i lọ!

Ìdánwò ọ̀hún, àwọn àgbà ló fi lélẹ̀. Níhà àríwá, ìràwọ̀ méje kan tò bí igbá ìbomi tó ní ọwọ́ gígùn. Èyí tó wà láàárín ọwọ́ náà là ń pè ní Ìyá-Apọnmọ, nítorí ìràwọ̀ kékeré kan tó lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ẹni tó bá rí ìyá nìkan, ojú rẹ̀ ti lọ. Ẹni tó bá rí ọmọ, kó wá wo oṣù. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìrun ìṣáì, àwọn ọkùnrin kóra jọ sẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Fàtímọ̀, ìyàwó Yésúfù, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó fún gèlè mọ́rí bí ẹni tó ń lọ jà.

"Yésúfù," ni Lèmọ́mù wí, "kí lo rí?"

Yésúfù gbójú sókè.

"Mo rí ìyá. Ó pọn ìbejì."

Ẹ̀rín bú gbàà.

"Ìbejì kẹ̀!" Ràmọ́nù ń fọwọ́ lu itan. "Láti ìgbà tí wọ́n ti dáyé, ọmọ kan ṣoṣo ló ń pọ̀n. Ìgbà wo ló bí ìkejì, bàbá? Ta ló gbẹ̀bí? Ìgbà wo lẹ sọ ọ́ lórúkọ, tí ẹ ò pè wá wá jẹun?"

"Ohun tí mo rí ni mo sọ."

"Ẹ ti gbọ́! Ẹni tó rí ìbejì lónìí, ṣé oṣù Àbámẹ́ta ló máa ṣòroó rí fún un? Kẹ́ ẹ má baà ní mo ń fi ẹnu ara mi dájọ́, mo mú ẹlẹ́rìí wá. Monsieur Jósẹ́fù!"

Jósẹ́fù, aṣọ́bodè ará Ifangni, jáde pẹ̀lú fìtílà lọ́wọ́. Ó gbé jumelles kọ́ ọrùn, awò ojú méjì tó fi ń wo àwọn tó ń gbé ẹrù gba inú igbó. Ó gbé e sójú. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó fi etí ẹ̀wù nù ún. Ó tún gbé e sójú.

"Mon vieux, ọ̀rẹ́ mi," ó ní fún Ràmọ́nù, "ìbejì ni."

"Ẹ̀n?" ni Ràmọ́nù wí.

"Ọmọ kan wà tí gbogbo wa ń fojú rí. Òmíràn wà níbẹ̀ tó kéré sí i, ó ṣe bàìbàì. Nílé ẹ̀kọ́ pàápàá, wọ́n kọ́ wa pé bí awò bá lágbára gan-an, ìyá yẹn fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Odindi agbo ilé ni."

Gbogbo wọn tò, wọ́n ń wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ràmọ́nù wò ó títí ọrùn rẹ̀ fẹ́ ṣẹ́. Ariwo wá sọ: "Yésúfù! Ojú àwòdì!" Wọ́n gbé arúgbó sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì dirodiro. Ẹnu tó fi í rẹ́rìn-ín náà ló ń kì í! Wọn ò tilẹ̀ fi omi yọ ẹnu ọ̀hún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀," ni Yésúfù wí. Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. "Fìtílà mélòó ló wà lọ́wọ́ aṣọ́bodè yìí?"

"Ọ̀kan ni, bàbá."

"Mẹ́ta lèmi rí. Ó di ọdún mẹ́rin tí gbogbo ohun tó bá ti ń tàn ti ń di mẹ́ta lójú mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán, mi ò lè purọ́."

Lèmọ́mù ní: "Ta ló wá rí oṣù lálẹ́ Àbámẹ́ta?"

"Ìyá Ràfátù ni. Ìyàwó mi ló ń rí i láti ọdún mẹ́rin, òun ló ń sọ ọ́ sí mi létí."

"Obìnrin!" Ràmọ́nù fò sókè. "Ó yá, kóun náà wá ṣe ìdánwò!"

Fàtímọ̀ rìn wá. Ó wòkè lẹ́ẹ̀kan péré. "Ọmọ kan ló pọ̀n."

"Ó kùnà! Ìbejì ni! Gbogbo wa la rí i!"

Ẹ̀yin ènìyàn, ẹ bá mi gbọ́ o. Ràmọ́nù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pariwo pé ọmọ kan ṣoṣo ni ìyá ń pọ̀n! Àwọn ọkùnrin sì ń mi orí. Ẹnìkan tilẹ̀ ní kí wọ́n kúkú fi aṣọ́bodè ṣe awòṣù.

"Moi? Èmi kẹ̀?" Jósẹ́fù ta gìrì. "Mísà ni mò ń lọ lọ́jọ́ Àìkú!"

"Kò burú, ẹ ó máa wò ó lẹ́yìn mísà."

Ibẹ̀ ni Fàtímọ̀ ti bẹ́.

"Ràmọ́nù! Ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbẹ̀bí rẹ! Ìwọ rí ọmọ kan, o ní ojú rẹ mọ́. Èmi rí ọmọ kan, o ní mo fọ́jú! Àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ti inú mísà wo oṣù Iléyá, ẹ yíjú padà!"

Wọ́n yíjú padà. Lókè àwọn ọ̀pẹ níwọ̀ oòrùn, oṣù jókòó pẹ̀sẹ̀. Àríwá ni gbogbo wọn ti kọjú sí láti ìgbà tí wọ́n ti jáde.

"Lèmọ́mù, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa. Oṣù ọjọ́ kejì, ìgbà wo ló ń wọ̀?"

Lèmọ́mù wúkọ́. "Kí ìṣáì tó parí."

"A ti kí ìṣáì, a ti rẹ́rìn-ín, a ti ka ìbejì, a ti gbé bàbá Ràfátù sókè, a ti sọ ọ́ kalẹ̀, oṣù ò tíì wọ̀! Ọjọ́ kelòó rẹ̀ lónìí?"

"Ọjọ́ kẹta ni."

"Ọjọ́ wo ló lé?"

"Àbámẹ́ta." Lèmọ́mù gbóhùn sókè kíá: "Ẹ̀yin ará, Àbámẹ́ta ni oṣù Iléyá lé. Yésúfù ló rí i. Ẹ máa relé."

Fàtímọ̀ dábùú ọ̀nà.

"Ta ló rí i?"

"Ìyá Ràfátù, ilẹ̀ ti ṣú..."

"Ta ló rí i?"

"Ilé Yésúfù ni."

"Ṣé ilé lójú ni? Ògiri ló rí i àbí ilẹ̀kùn?"

Yésúfù ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Lèmọ́mù wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ọ̀nà.

"Fàtímọ̀ ni," ó ní, jẹ́jẹ́.

"Ẹ sọ ọ́ sókè, Lèmọ́mù. Àwọn ará Igolo ò gbọ́."