Ojú Bilyana Níwájú Ìyá Ọkọ

Àyà Bilyana ń já. Ognyan, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ti mú un wá jẹun lọ́dọ̀ Nedyalka ìyá rẹ̀, bí ìyá náà bá sì fi lè kọ̀ ọ́, ìgbéyàwó ti dojú dé nìyẹn. Ognyan tí ẹ rí yẹn, gíga lásán ni, kò lè da ìyá rẹ̀ lóhùn.

Lọ́dọ̀ wa, bí a bá ń mutí tí ife ń kan ife, ojú gbọ́dọ̀ wà nínú ojú. Ẹni tó bá wo ẹ̀gbẹ́, ọ̀dàlẹ̀ la ń pè é. Ojú òsì Bilyana sì máa ń yà lọ fúnra rẹ̀ bó bá ń wo ọ̀kánkán.

Dókítà kan nílùú Plovdiv ti là á yé e. Agbára tí ojú fi ń wo ohun tó súnmọ́, bí ìgbà tí a ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ló fi ń fa ojú náà wálé. Ojú á tọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó bá jìnnà díẹ̀ á di kùrukùru.

Nedyalka gbé ife ọtí rákíà sókè ní òdìkejì tábìlì. Bilyana fa ojú wọlé títí orí fi ń fọ́ ọ. Ojú tọ́, ìyá ọkọ wá dà bí ìyẹ̀fun tí wọ́n kù sáfẹ́fẹ́. Ó nàró, ó fi ife rẹ̀ kan tìyá.

Nedyalka fa ife rẹ̀ sẹ́yìn.

"Bàbá Ognyan ni mo ta ọtí sílẹ̀ fún," ni Nedyalka wí. "A kì í kan ife fún òkú. O tẹjú mọ́ mi, o ò rí mi? Àbí o fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín ni?"

Ognyan ń wo àwo sàláàdì.

"Ẹ má bínú, Ìyá. Bí mo bá mú ojú mi tọ́, mi kì í ríran dáadáa." Ìtìjú bò ó, ó jọ̀wọ́ ojú òsì náà, ojú náà sì yà lọ síbi fèrèsé.

"Nísinsìnyí ńkọ́?"

"Mo rí yín. Ẹ ń sunkún."

Nedyalka wo ojú tó yà náà pẹ́. Ó wá wọ́ àga rẹ̀ yí tábìlì ká, ó jókòó, orúnkún kan orúnkún, ó bu ọtí tuntun.

"Ta ló ní kó o jìnnà sí mi tẹ́lẹ̀?"

Níbi tí wọ́n súnmọ́ra dé yẹn, ojú náà padà wálé láìjẹ́ pé Bilyana fà á, gbogbo ìhunjọ ojú ìyá sì hàn kedere.

"Èyí kì í ṣe tòkú," ni Nedyalka wí, ó na ife sí i.

Bilyana fi ife tirẹ̀ kàn án tagbáratagbára, ìdajì ọtí sì dà sí yẹ̀rì ìyá ọkọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó wo yẹ̀rì.