Omi Òdìkejì Títì

Aṣọ oníbàárà kan jẹ palaba ìyà lọ́wọ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo rán apá ọ̀tún mọ́ ibi tó yẹ kí ti òsì wà, mo tú u, mo tún rán an bẹ́ẹ̀. Ara mi ò balẹ̀. Bàbá mi jáde láti ìdájí, wọn ò sì tíì dé.

Iṣẹ́ káfíńtà ni wọ́n ṣe títí ojú fi fọ́ wọn. Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì nínú ọgbà ìgbafẹ́ tó wà létí odò, àwọn nìkan, láìmú ọ̀pá. Tí mo bá ní kí n mú wọn lọ́wọ́, wọ́n á bi mí bóyá ẹrù lèmi rò pé àwọn jẹ́. Ọ̀dọ̀ wọn náà ni mo ti jogún agídí, torí náà ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ wa ṣe máa ń rí. Wọ́n ní etí làwọn fi ń rìn: táwọn bá dé géètì ilé wa, àwọn á yíjú síbi tí omi ti ń dún, àwọn á máa tẹ̀ lé e. Tí ariwo ọkọ̀ bá ti rọlẹ̀, igi ti bo àwọn nìyẹn, bẹ́ńṣì ò jìnnà mọ́. Kò sí títì kankan tí wọ́n máa sọdá.

Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. Mo ní bóyá onígbàjámọ̀ ló dá wọn dúró, torí ọkùnrin yẹn lè fi ọ̀rọ̀ fá èèyàn lórí kó tó mú abẹ. Mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ní òun ò rí wọn. Mo dé ọgbà, ewé tútù nìkan ló wà lórí bẹ́ńṣì.

Bí mo ṣe padà dé géètì wa ni mo gbọ́ omi mìíràn. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ni kánsù ṣí ẹ̀rọ kan tó ń tu omi sókè níwájú ọ́fíìsì wọn tuntun, lódìkejì títì ńlá. Gbogbo àdúgbò lọ pàtẹ́wọ́, èmi náà na ọrùn títí ó fi dùn mí. Wọ́n ní igi kì í dá lóko kó pa ará ilé. Omi òdìkejì títì, kí ló kàn wá níbẹ̀? Àṣé láti géètì wa, ó ń pariwo ju odò lọ.

Mo sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Àárín títì ni mo bá bàbá mi, lórí kọnkéré tó pín ọ̀nà sí méjì. Ọkọ̀ ń sáré kọjá níwájú wọn, ọkọ̀ ń sáré kọjá lẹ́yìn wọn, wọ́n sì na ọwọ́ méjèèjì síta bí ẹni tó ń wá ògiri nínú òkùnkùn. Mo dá ọkọ̀ dúró. Awakọ̀ kan bú mi, mo bú u padà dáadáa, mo sì dé ọ̀dọ̀ wọn.

Mo fẹ́ jágbe mọ́ wọn, àmọ́ gbogbo ara wọn ló ń gbọ̀n.

“Òjò rọ̀ lóru,” ni wọ́n wí. “Mo rò pé odò wa ló kún.”

Wọn ò bá mi jiyàn nígbà tí mo dì wọ́n lọ́wọ́ mú. A délé, àánú wọn sì ṣe mí débi tí mi ò lè jẹun.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n wẹ̀, wọ́n wọ bàtà, wọ́n jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Mo ń retí kí wọ́n dìde, wọn ò dìde. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi, wọ́n yí orí sọ́dọ̀ mi.

“Tí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀, jọ̀ọ́, ìwọ ni mo ń dúró dè.”

Ọdún mélòó ni mo ti fi ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sọ irú ọ̀rọ̀ yìí! Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wá bàtà mi. Mo wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì fi aṣọ oníbàárà bo ẹnu kí wọ́n má baà gbọ́ pé mò ń sunkún.