Bísímílàhí ti Èṣí

Ó ti rẹ Wàhábì. Kì í ṣe àárẹ̀ iṣẹ́, nítorí kò ṣe ju kó tu koríko ìdí ewùrà rẹ̀ lóko ọ̀nà Ìjagun láàárọ̀ ọjọ́ náà. Àárẹ̀ ẹni tó ti gbé irọ́ kan kiri fún ọdún kan àbọ̀ ni. Bó ṣe dé ilé, Ràmọ́tà ìyàwó rẹ̀ ní, "Ìyá ń pè yín o. Wọ́n ní kẹ́ ẹ mú ọ̀bẹ dání." Wàhábì bá jókòó sórí àpótí ìdáná, kò lè dìde.

Ọ̀la ni Iléyá ọdún 1987. Àgbò funfun tí ìyá rẹ̀ rà ti wà lẹ́yìnkùlé láti ọjọ́ mẹ́fà, ó ń jẹ èèpo iṣu. Ilé alápatà ni ilé wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde. Baba baba rẹ̀ dú ẹran, baba rẹ̀ dú ẹran, òun náà sì dú u fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Láti ìgbà tí baba ti kú, òun àkọ́bí ló ń fi ọ̀bẹ baba dú àgbò ìyá lọ́jọ́ Iléyá, ọrùn ẹran náà ni wọ́n sì ń bù fún un. Bẹ́ẹ̀ bí ẹni tó mú ọ̀bẹ kò bá fi tọkàntọkàn pe orúkọ Ọlọ́run, òkú ẹran lásán ni gbogbo ilé yóò jẹ. Ohun tó mú Wàhábì jókòó nìyẹn. Kò gbà mọ́ pé ẹnì kan wà tó ń jẹ́ orúkọ náà.

Ẹ má rò pé ọjọ́ kan ló ṣẹlẹ̀. Ẹran ló kọ́kọ́ sú u. Ní 1984, ó lọ ra ewúrẹ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Imusin, ọkọ̀ tó wọ̀ bọ̀ dẹnu kọlẹ̀ lọ́nà, ló bá fẹsẹ̀ rìn ín. Ewúrẹ́ náà kò fa okùn, ṣe ló ń tẹ̀ lé e. Nígbà tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó láti tọ̀, ewúrẹ́ dúró dè é. Ó hàn pé wọ́n kẹ́ ẹ nílé tó ti wá. Wàhábì dú u ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, torí kí ló tún fẹ́ ṣe? Àmọ́ nígbà tí ọbẹ̀ délẹ̀, òkèlè kò lọ. Ràmọ́tà ní bóyá iyọ̀ ló pọ̀. Kò jẹ ẹran mọ́ látọjọ́ náà. Nígbà tó yá, ó kan ẹja, ó kan edé, ó kan ẹyin, ó wá kan mílíìkì inú agolo tó fẹ́ràn gan-an. Ó fi iṣẹ́ alápatà sílẹ̀, ó gba oko lọ. Ọjọ́ Iléyá nìkan ló kù tó ń mú ọ̀bẹ, nítorí ìyá rẹ̀.

Àdúgbò kò kúkú dákẹ́. Àwọn kan ní ó ti wọ ẹgbẹ́ kan l'Ékòó, àwọn kan ní wọ́n ti fi nǹkan sínú ẹran fún un jẹ. Ràmọ́tà ló gbà á sílẹ̀, ó ní dókítà ló sọ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Ọ̀rọ̀ bùṣe, torí ta ni yóò bá dókítà jiyàn? Obìnrin yìí kan náà, tí kò sẹ́ni tó mọ ìkọ́kọrẹ́ sè tó o ní gbogbo àdúgbò, wá ń se ti ọkọ rẹ̀ lọ́tọ̀ nínú ìkòkò kékeré, láìsí ẹja, láìsí edé, láìsí pọ̀nmọ́. Bó ṣe ń sè é ló ń ráhùn pé orúkọ wo gan-an lèèyàn fẹ́ máa pe irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀jẹ̀ ríru tó ní kéèyàn má kírun. Ní àsùbáà ọjọ́ kan nínú ọyẹ́ ọdún 1986, Wàhábì forí kanlẹ̀, ó ń tọrọ, ó wá dà bíi pé inú tẹlifóònù tí wọ́n ti gé ló ń sọ̀rọ̀ sí. Ó tẹ́tí lórí ẹní títí. Kò sí nǹkan kan. Èèyàn rẹ̀ kankan kò kú, olè kò jà á, kò sì bínú sí Ọlọ́run. Ta ní ń bínú sí ẹni tí kò sí? Ó kàn rí i pé òun nìkan ló wà níbẹ̀ ni. Ẹ̀rù bà á títí ilẹ̀ fi mọ́, lẹ́yìn náà ó rẹ̀ ẹ́. Síbẹ̀ ó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, ó ń tẹ̀, ó ń dìde. Ìyá rẹ̀ ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó ti lọ sí Mẹ́kà. Kí lèèyàn fẹ́ sọ fún un?

Ní Iléyá èṣí ló wá ṣe ohun tí kò jẹ́ kó sùn. Ó fi ẹnu lásán pe Bísímílàhí, ó dú àgbò, gbogbo agboolé jẹ ẹ́, wọ́n tún bù nínú rẹ̀ fún aládùúgbò. Kéèyàn má gbà gbọ́, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ nìyẹn. Kó wá fi èèwọ̀ bọ́ àwọn tó gbà gbọ́, ìyá tó bí i lọ́mọ nínú wọn, ìyẹn kì í ṣe ìwà ọmọlúàbí. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ti ń gbé e kiri láti ìgbà náà.

Ó mú ọ̀bẹ, ó lọ. Alhájà Mùínátù ìyá rẹ̀ wà lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tẹ̀súbáà lọ́wọ́, ó kọjú sí ibi tí àgbò wà.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Ìyá."

"Wàhábì. Ṣé o ti pọ́n ọ̀bẹ?"

"N kò tíì pọ́n ọn." Ó jókòó, ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. "Ìyá, ẹ jẹ́ kí Sàlàkọ́ dú u lọ́la." Sàlàkọ́ ni àbúrò rẹ̀, táyà ló ń tà.

"Jíjẹ ni dókítà ní kó o má jẹ ẹ́. Kò ní kó o má dú u."

"Kò sí dókítà kankan, Ìyá. Ràmọ́tà ló fi bò mí láṣìírí. Mi ò jẹ ẹran mọ́ torí mi ò fẹ́ kí ohun abẹ̀mí kankan kú nítorí mi. Ìyẹn tiẹ̀ kéré." Ó ti ọ̀bẹ náà sọ́dọ̀ rẹ̀. "Mi ò gba Ọlọ́run gbọ́ mọ́. Mò ń kírun, mi ò rí ẹni tí mò ń kí i sí. Bí mo bá fi ọwọ́ mi dú àgbò yìí, ẹran yín á bàjẹ́."

Ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbáà dúró lọ́wọ́ ìyá. Wàhábì ń retí igbe, ó ń retí èpè. Ó wù ú kó ti ṣẹlẹ̀ kó sì ti tán.

"Ti èṣí ńkọ́?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

Ibi tó ń sá fún gan-an nìyẹn. Irọ́ kékeré kan ṣoṣo ni yóò mú ọkàn arúgbó náà balẹ̀, ṣùgbọ́n agbára irọ́ ti tán lára rẹ̀.

"Ẹnu lásán ni, Ìyá. Ẹ foríjì mí."

"Mo mọ̀."

Wàhábì gbójú sókè.

"Baba rẹ kì í pariwo rẹ̀," ni ìyá wí. "Á bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹran, á sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Bí ìwọ náà ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ọjọ́ tó ti kú. Ó wá di èṣí, o pariwo Bísímílàhí títí àwọn ará ojúlé kejì fi gbọ́. Mo ní, ọmọ yìí ò bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, àwa ló ń bá sọ̀rọ̀. Ìfura ni, mi ò lè fi ìfura gba oúnjẹ lẹ́nu èèyàn. Ṣùgbọ́n èmi ò fi kan ẹnu. Mo ní eyín ń dùn mí."

"Ẹ sì tún ní kí n mú ọ̀bẹ wá."

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wàá tún pariwo ni."

Ó fi ìborùn nu ojú. "Ó dùn mí, má rò pé kò dùn mí. Sàlàkọ́ yóò dú u. Àmọ́ kò mọ ọ̀bẹ pọ́n. Ìwọ bá a pọ́n ọn, kó mú dáadáa, kí ẹran má jìyà."

Wàhábì pọ́n ọ̀bẹ náà. Kò pọ́n ọ̀bẹ tó mú tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì kò lọ sí yídì, gbogbo èèyàn sì rí i pé kò lọ. Nígbà tí lèmọ́mù ti dú tirẹ̀ tí àwọn ará ilé sì ti yídì dé, Sàlàkọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́ àgbò lẹ́yìnkùlé. Wàhábì jókòó nínú ilé ìdáná, kò gbọ́ ariwo Bísímílàhí. Ọrùn ẹran di ti Sàlàkọ́. Àwọn ìyàwó ilé ń gbé abọ́ ẹran kọjá lẹ́nu ọ̀nà, wọn kò wo ojú rẹ̀. Ó dùn ún ju bó ṣe rò lọ.

Nígbà tí oòrùn yí, ìyá rẹ̀ fi ọ̀pá wọlé, ó jókòó tì í níbi tó ti ń jẹ ìkọ́kọrẹ́ inú ìkòkò kékeré.

"Bí mo bá kú," ni ó wí, "àwọn tó kù á tò sẹ́yìn lèmọ́mù, wọ́n á kírun sí mi lára. Ìwọ ńkọ́?"

"Màá wà níbẹ̀, Ìyá. Èmi ni màá gbẹ́ sàárè yín."

"Kí lo wá fẹ́ sọ?"

"Mi ò ní sọ nǹkan kan. Màá dákẹ́."

Ìyá gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀, ó bu ìkọ́kọrẹ́ tí kò ní ẹja náà, ó tọ́ ọ wò, ó yínmú. Lẹ́yìn náà ó tún bu òmíràn.

"Ó dáa," ni ó wí. "O ò ṣáà ní pariwo."