Ohun Tí Olófòófó Kò Rí

Olófòófó ni wọ́n sọ irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ní ọ́fíìsì, obìnrin tó kọ ọ́ sì di Ìyá Olófòófó. Kò bínú sí orúkọ yìí. Inú rẹ̀ tilẹ̀ máa ń dùn sí i díẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni àwọn dókítà fi ń wo èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn. Ètò ńlá ni, ìlànà kéékèèké tí kò lóǹkà, tí àwọn òṣìṣẹ́ kọ fún kọ̀ǹpútà, ló para pọ̀ di ọ̀kan. Bó bá ń falẹ̀, Olófòófó á máa yọjú wò ó lemọ́lemọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, á sì dárúkọ ìlànà tó ń jẹ àkókò. Ìlànà kọ̀ọ̀kan ló sì ní ẹni tó kọ ọ́, ìdí nìyẹn tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń bẹ̀rù irinṣẹ́ yìí ju ọ̀gá lọ.

Ètò náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀ lóòótọ́. Dókítà á tẹ orúkọ aláìsàn, á dúró títí, á jókòó, á tún dìde, èsì kò ní í yọ. Àwọn ilé ìwòsàn figbe ta. Ọ̀gá ní kí wọ́n lọ bi Olófòófó léèrè, Olófòófó ní ìlànà Jẹ́jẹ́ ni.

Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà torí pé kì í gbé ohùn sókè. Orúkọ yìí kò gbè é lọ́jọ́ náà. "Ẹni tó ń jẹ́ Jẹ́jẹ́," ni ẹnì kan wí, "ṣé ẹ wá retí pé kí iṣẹ́ rẹ̀ máa sáré ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní bí ọ̀rọ̀ kò bá yí padà kí ìpàdé ọjọ́ Ẹtì tó dé, kí Jẹ́jẹ́ palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

Jẹ́jẹ́ wá bá Ìyá Olófòófó nídìí tábìlì rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ bá mi wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìlànà tí mo kọ kò ju pé kó wá aláìsàn, kó kó èsì rẹ̀ jáde. Mo ti kà á títí ojú fi ń ro mí, mi ò rí nǹkan tó wúwo níbẹ̀."

"Irinṣẹ́ mi kì í purọ́."

"Mi ò ní ó purọ́, mà. Bóyá kò rí gbogbo rẹ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ yìí dun obìnrin náà, torí pé òótọ́ ni, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ògbufọ̀, ìyẹn ètò tó ń sọ ohun tí ènìyàn kọ di èdè kọ̀ǹpútà, ní ìwà kan. Bó bá rí ìlànà kékeré tí òmíràn ń pè wá ṣiṣẹ́ ṣáá, kì í jẹ́ kó dá dúró mọ́. Á tú u sínú èyí tó ń pè é, kí iṣẹ́ lè yá. Látìgbà náà, ìlànà méjèèjì ti di ará ilé kan, orúkọ onílé nìkan ni Olófòófó sì ń pè. Bí àlejò bá ń jẹ gbogbo oúnjẹ ilé, onílé ni wọ́n máa pè ní alájẹkì. Ó pẹ́ tí Ìyá Olófòófó ti ń sọ pé òun máa tún ibẹ̀ ṣe, àmọ́ iṣẹ́ mìíràn ló ń gba iwájú.

Ó jókòó tì í lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ògbufọ̀ kì í tú ìlànà palẹ̀ láì fi ipasẹ̀ sílẹ̀. Ó máa ń kọ ibi tí ẹyọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti wá. Obìnrin náà kọ́ Olófòófó láti máa ka ipasẹ̀ náà, kó má kàn bi pé ta ló nilé, kó bi pé ta ló wà nínú ilé. Nígbà tó tún un lò, ìlà tí orúkọ Jẹ́jẹ́ wà nínú èsì rẹ̀ ṣí, ti Jẹ́jẹ́ gan-an kò tó nǹkan. Ìlànà kan tó ń to èsì bí ọjọ́ wọn ṣe tẹ̀ léra ló wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ àkókò bí iná ọyẹ́. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Àbúrò Ìyá Olófòófó, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ló kọ ìlànà náà.

Ó ṣí i kà. Ìlànà yìí tóbi ju ohun tí ògbufọ̀ máa ń tú sínú òmíràn lọ. Àmọ́ àbúrò rẹ̀ ti fi àmì kan sí orí rẹ̀, àmì tó ń pàṣẹ fún ògbufọ̀ pé bó ti wù kó tóbi tó, kó tú u síbẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni Ìyá Olófòófó sọ àléébù irinṣẹ́ rẹ̀ fún rí. Òun àti àbúrò rẹ̀ ń fọ abọ́ nílé lọ́jọ́ náà, wọ́n sì jọ fi ṣe ẹ̀rín.

Ìyá wọn kú nígbà tí ọmọkùnrin yìí kò tíì mọ okùn bàtà í so. Ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbé dàgbà. Òun náà ló mú un wá síbi iṣẹ́, tó fọwọ́ sọ̀yà níwájú ọ̀gá pé ọmọ náà mọṣẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó bi í ní ilé ìdáná: "Kí ló dé tó o fi àmì sí i?"

Ọmọkùnrin náà gbé ife tó mú dání sílẹ̀. Kò bi í pé àmì wo.

"Ẹ̀rù ló bà mí, ẹ̀gbọ́n mi. Mo gbìyànjú títí, kò yá. Ẹ sì ti sọ fún wọn pé mo mọṣẹ́. Mo rò pé màá tún un ṣe kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀."

"Jẹ́jẹ́ ńkọ́?"

Ọmọkùnrin náà yí ojú sí fèrèsé.

"Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran," ni obìnrin náà wí. "Mi ò lè jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ jìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ. Màá fi ìlànà náà hàn wọ́n."

"Àmì náà ńkọ́? Tí ọ̀gá bá gbọ́ pé ṣe ni mo fi pamọ́, ó máa lé mi."

"Irinṣẹ́ mi kì í fi àmì hàn," ló wí, ó sì mú báàgì rẹ̀.

Ní ìpàdé, ó fi iná ẹ̀rọ gbé ìlà Jẹ́jẹ́ sára ògiri kí gbogbo wọn lè rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Jẹ́jẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì bojú.

"Ta ló kọ èyí tó wà nínú?" ni ọ̀gá bi.

"Àbúrò mi ni, sà."

Gbogbo ojú yí sí ọmọkùnrin náà.

"Ṣé kò mọ̀ pé ó máa falẹ̀ tó báyìí ni?"

Obìnrin tí kì í purọ́ nídìí iṣẹ́ la ẹnu rẹ̀. "Kò mọ̀, sà. Àṣìṣe ọmọdé ni."

Ọ̀gá mi orí, ó ní àṣìṣe kò kọjá àtúnṣe. Ọ̀rọ̀ ti fẹ́ parí. Àbúrò rẹ̀ wá dìde.

"Mo mọ̀, sà," ló wí. "Èmi ni mo fi àmì sí i kó lè fara pamọ́ sínú iṣẹ́ Bọ̀ọ̀dá Jẹ́jẹ́. Àṣírí mi ni ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ bò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wọn wí."

"Jókòó," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ wúyẹ́wúyẹ́.

Kò jókòó. Ó kọjú sí Jẹ́jẹ́. "Ẹ forí jì mí, sà. Mo ń wò yín níran, mo dákẹ́."

Ọ̀gá yíjú sí obìnrin náà. "Ìwọ náà mọ̀?"

"Mo mọ̀, sà."

Kò sẹ́ni tó wò ó lójú lẹ́yìn ìyẹn. Ìtìjú bò ó débi pé kò mọ ibi tó máa fi ọwọ́ rẹ̀ sí. Síbẹ̀, bó ṣe ń wo ọmọ tó dá dúró láàárín àwọn àgbà yẹn, tí kò jókòó, ó mọ̀ pé òun kò fẹ́ràn rẹ̀ tó báyìí rí.