Kásẹ́ẹ̀tì tí Ìyá Àúdù Ń Yá

Ó ti rẹ̀ mí o. Ìjà kan náà ni èmi àti Dàpọ̀ ọkọ mi ń jà láti ọdún 1991 tí a ti ṣí ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń yá àwọn èèyàn ní kásẹ́ẹ̀tì fíìmù ní àdúgbò Basin ní Ìlọrin. Bí oníbàárà bá ní ká bá òun mú fíìmù tó dáa, Dàpọ̀ á bi í pé èwo ló wò kẹ́yìn. Bó bá jẹ́ ti ìjà, ti ìjà náà ni á tún gbé fún un. "Ẹni tó jẹ iyán lánàá tó gbádùn ẹ̀, iyán náà ni kó o gbé fún un."

Mi ò gbà. Ṣé iyán lèèyàn á máa jẹ títí ayé ni? Èmi, àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn jọra ni mo máa ń wò. Bí Bọ́sẹ̀dé aránṣọ àti ìyàwó pásítọ̀ bá fẹ́ràn fíìmù mẹ́ta kan náà, tí Bọ́sẹ̀dé wá rí ẹ̀kẹrin tó dùn mọ́ ọn, ẹ̀kẹrin yẹn ni mo máa fún ìyàwó pásítọ̀, ì báà jẹ́ ti Íńdíà, ì báà jẹ́ ti Ṣáínà.

A jà á títí, àwọn oníbàárà ń lọ ní tiwọn. Ẹni tí kì í yẹ̀ láti wá kò ju Ìyá Àúdù lọ, opó tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń yá kásẹ́ẹ̀tì, tí á sì dá a padà tẹ̀ríntẹ̀rín. Dàpọ̀ ní òun lòun mọ ohun tó fẹ́. Mo ní irọ́ ni, èmi ni. Dàpọ̀ fẹ́ ká ti ṣọ́ọ̀bù pa, ká padà sílé ní Ọ̀mù-Àrán. Mo ní bí a bá lè tẹ́ ẹnì kan lọ́rùn báyìí, a lè tẹ́ ogún lọ́rùn. Obìnrin yẹn nìkan ni mo fi ń di ṣọ́ọ̀bù mú.

Ní Sátidé kan, oorun ń kùn mí, mo ṣèèṣì gbé kásẹ́ẹ̀tì tí téèpù inú ẹ̀ ti já fún un, èyí tí Dàpọ̀ yà sọ́tọ̀ láti tún ṣe. Ní Mọ́ńdè ló dá a padà.

"Ó dùn o, Ìyá Kẹ́mi! Mo rẹ́rìn-ín títí. Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí i."

Dàpọ̀ gba kásẹ́ẹ̀tì náà, ó yí i wò.

"Ìyá," Dàpọ̀ rọra wí, "kásẹ́ẹ̀tì yìí ò lè ṣiṣẹ́. Téèpù ẹ̀ ti já."

Obìnrin náà fìdí lé bẹ́ǹṣì. "Ẹ má bínú. Látìgbà tí bàbá Àúdù ti kú ni Àúdù ti kó tẹlifíṣọ̀n àti fídíò lọ sí Kàdúná. Mi ò rí ìkankan wò nínú gbogbo ẹ̀."

"Háà! Kí lẹ wá ń yá a fún?" Inú bí mi, ojú sì tì mí.

"Ẹ̀yin méjèèjì á máa jà lórí mi. Eléyìí ní ohun tí mo fẹ́ràn nìyí, tọ̀hún ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nílé, ta ló ń bi mí ní ohun tí mo fẹ́?"

Omi bọ́ lójú mi. Mo mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù ti parí nìyẹn, kò sì sí agbára láti jiyàn mọ́.

Dàpọ̀ tan tẹlifíṣọ̀n tí a fi ń dán kásẹ́ẹ̀tì wò. "Ìyá, èwo ni ká fi sí i?"

"Èyíkéyìí. Ẹ̀yin ẹ ṣáà jókòó, kẹ́ ẹ máa bá ìjà yín lọ."