Ogún Igi Tí A Gé Dé Àárín

Orílẹ̀-èdè ńlá méjì ló ń jà lókè òkun. Ọ̀kan fi owó ibodè kún ẹrù èkejì. Èkejì bínú, ó ní òun ò ra ẹ̀wà sóyà rẹ̀ mọ́, ọ̀dọ̀ tiwa lòun yóò ti máa rà. Ni alágbàtà bá dé, ó ní ká gé igbó ẹ̀yìn ilé wa, ká gbin sóyà.

Ẹ̀gbọ́n mi ni agégi tí wọ́n gbéṣẹ́ fún. Inú igbó yẹn ni ilé oyin màmá wa wà.

"Ọmọ mi," Màmá wí, "bí a bá ń gégi nígbó, ká fi ọ̀ràn ro ara ẹni wò."

"Màmá, igi kì í ronú."

"Oyin mi ńkọ́?"

"Ẹ ní kó kó lọ sílé ọkọ ẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi kì í gé igi wó lọ́kọ̀ọ̀kan. Á gé ogún dé àárín, á fi wọ́n sílẹ̀ lóòró; igi ńlá tó wà níbi tí ilẹ̀ ti ga jù ni yóò gé wó kẹ́yìn, kó ti gbogbo wọn ṣubú. Ó ti gé ogún tán kí alágbàtà tó pè é: "Wọ́n ti parí ìjà. Kò sẹ́ni tó fẹ́ sóyà wa mọ́. Pa ẹ́ńjìnnì ìgégi rẹ."

"Àwọn tí mo ti gé dé àárín ńkọ́?"

"Fi wọ́n sílẹ̀. Mi ò ní epo tí n ó fi ṣòfò."

Ó délé, ó na ẹsẹ̀. "Màmá, mo bá àwọn alágbàtà jà nítorí yín. Wọ́n ti kó lọ."

Màmá kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá. Ó wá ń ki ọmọ rẹ̀ ní oríkì: "Ọmọ olóyin, ọmọ adùn-ún-bá-rìn, tí í tu ẹlẹ́kún nínú." Ẹ̀gbọ́n mi ń wo bàtà rẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú igi ṣì wà lára rẹ̀.

"Ṣé n lè lọ wo oyin mi láàárọ̀?"

"Kí ló máa dí yín lọ́wọ́?"

Láàárọ̀, Màmá ti lọ kí afẹ́fẹ́ òjò tó dé. A gbọ́ ọ nídìí oúnjẹ: igi kan wó, èkejì tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbọ́n mi ń fẹnu kà wọ́n. Nígbà tí ìró náà dákẹ́, ó ní, "Ogún ti pé." Bí mo ṣe mọ̀ pé ó fi wọ́n sílẹ̀ lóòró nìyẹn.

Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ náà ló fi gé igi kúrò lórí ìyá wa. Oyin ti gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Kò pé oṣù méjì, ìjà tún bẹ̀rẹ̀ lókè òkun. Alágbàtà padà wá, ó wo ilẹ̀ tó ti là gbalaja.

"Agégi," ó wí, "iṣẹ́ rẹ mọ́."